Port 22 tó ń tì ní gbogbo ìdajì wákàtí

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Mo tẹ `ssh`, àṣẹ tá a fi ń wọ inú ẹ̀rọ tó wà lọ́nà jíjìn, àti orúkọ ẹ̀rọ náà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe, ìlà kan ṣoṣo ló sì dá mi lóhùn: `port 22: Connection refused`. Port 22 ni ẹnu ọ̀nà tí SSH ń gbà wọlé. Mo tún un tẹ̀. Bákan náà ni. Mo ṣí ìkànnì tó wà lórí ẹ̀rọ yẹn lórí fóònù mi, ó ṣí kíá. Mo fi `ping` kàn án, ó dáhùn láìjáfara. Ẹ̀rọ wà láàyè, ó ń dá gbogbo ayé lóhùn, èmi tí mo ń tọ́jú rẹ̀ ni kò gbà wọlé.

Ó ká mi lára, torí pé iṣẹ́ oníṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ló gbé ìkànnì wọn àti àkọsílẹ̀ owó àwọn oníbàárà wọn lé wa lọ́wọ́, èmi àti àbúrò kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Ilé ẹ̀rọ tó jìnnà ni server náà wà, kò sẹ́ni nínú wa tó lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. SSH ni ọwọ́ wa, SSH náà ni ẹsẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ `refused` yẹn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń ka `Connection refused` àti `Connection timed out` sí ọ̀kan náà, pé "kò ṣí" ni méjèèjì ń wí. Wọn kì í ṣe ọ̀kan rárá. Tó bá jẹ́ `timed out`, ẹ kanlẹ̀kùn títí, ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ti kú, ó sì lè jẹ́ pé firewall, ètò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ, ló ń gbé ìkànkùn yín sọnù láìsọ nǹkan kan. Àmọ́ tó bá jẹ́ `refused`, ẹnì kan fọhùn. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ní òun gbọ́, pé kò sí ẹni tó jókòó sídìí port yẹn. Nítorí náà, mi ò fi àkókò ṣòfò lórí nẹ́tíwọ̀kì. Ẹ̀rọ gbọ́ mi. SSH ni kò sí nílé.

Ohun kan tó lè mú kí `refused` wá nígbà tí SSH ṣì wà nílé ni fail2ban. Tí password bá ti ṣì láti àdírẹ́sì kan ní ìgbà mélòó kan, fail2ban á ti àdírẹ́sì yẹn síta, ọ̀nà tó sì máa ń gbà kọ èèyàn, tí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, á jọ pé kò sí nǹkan kan lórí port náà lójú ẹni tó ń kàn. Mo ti kọ́kọ́ fura sí i. Mo yọ kọ̀ǹpútà mi kúrò lórí nẹ́tíwọ̀kì ilé, mo so ó mọ́ ti fóònù, kí àdírẹ́sì mi lè yàtọ̀. `Refused` náà ló tún wí. Fail2ban kọ́ nìyẹn.

Ó di console. Àwọn tá a háyà ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn ṣe é síbi tá a ti lè ṣí i nínú browser, bíi pé èèyàn fa kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà lára gan-an, kò gba ọ̀dọ̀ SSH kọjá. Àmọ́ kò gbà kéèyàn da nǹkan tí a ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́tà 24 ni password root wa, ìyẹn ti ọ̀gá àgbà ẹ̀rọ náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, mo ṣì í lẹ́ẹ̀kan, mo tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé tán, mo béèrè ipò tí SSH wà:

```
ssh.service - OpenBSD Secure Shell server
  Loaded: loaded (/lib/systemd/system/ssh.service; disabled; preset: enabled)
  Active: inactive (dead)
```

Ẹ wo ìlà kejì yẹn dáadáa. `preset: enabled` ń sọ pé bí Debian, ìyẹn Linux tó wà lórí ẹ̀rọ náà, ṣe gbé service yìí (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀) kalẹ̀, ó yẹ kó máa jí fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ̀rọ bá tàn. `disabled` ń sọ pé ẹnì kan ti wá fagi lé ìyẹn. SSH tó kàn ṣubú fúnra rẹ̀ kì í di `disabled`, `failed` ni wọ́n máa kọ sí i lára. Ìlà kan yẹn ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Mo rí i, mo kà á, mo sì fò ó kọjá, torí ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí ilẹ̀kùn kọ́kọ́ ṣí. Mo tẹ `systemctl start ssh`, mo padà sórí kọ̀ǹpútà mi, mo wọlé wẹ́rẹ́. Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àbúrò mi pé ó ti ṣí.

Kò ju ìdajì wákàtí lọ tó fi pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, kò gbà mí wọlé o."

"Inú rẹ̀ ni mo wà báyìí."

"Refused ló ń wí fún mi, ẹ̀gbọ́n."

Mo tẹ `uptime` sínú fèrèsé tí mo ṣí sílẹ̀, ẹ̀rọ dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ṣí fèrèsé kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo tẹ àṣẹ ìwọlé kan náà láti orí kọ̀ǹpútà kan náà. `Connection refused`. Mo wá ń wo méjèèjì pa pọ̀. Lọ́wọ́ òsì, mò ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ fàlàlà. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀rọ kan náà ní SSH kò sí nílé.

Ohun tó fà á rèé, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń fi SSH ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Ètò SSH kan tó ń jẹ́ sshd ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá ti wọlé, á bí ọmọ kan tí yóò máa tẹ̀ lé ẹni yẹn, òun á padà sídìí ẹnu ọ̀nà. Nínú fáìlì `ssh.service`, ìlà kan wà tó kà báyìí: `KillMode=process`. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ní kí service náà dúró, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà nìkan ni systemd, tó ń darí àwọn service, máa pa, kò ní fọwọ́ kan àwọn ọmọ. Ó dáa tí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó bá ń tún SSH tàn láti ọ̀nà jíjìn ì bá máa já ara rẹ̀ dànù nígbà gbogbo. Àmọ́ nítorí rẹ̀ náà ni mo ṣe wà nínú ilé tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí mi ò sì mọ̀. Mo pinnu pé fèrèsé ọwọ́ òsì yẹn kò ní padé títí a ó fi mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀rù bà mí ní wákàtí yẹn, mi ò ní purọ́. Tí service bá kú lẹ́ẹ̀kan, èèyàn lè ní ó ṣèèṣì ni. Tó bá kú lẹ́ẹ̀kejì láàárín ìdajì wákàtí, tó sì ní `disabled` lára, ọkàn á lọ sọ́dọ̀ olè. Mo tẹ `last` láti wo àwọn tó ti wọlé. Èmi àti àbúrò mi nìkan ni. Mo lọ wá `/var/log/auth.log` bí ọwọ́ mi ṣe mọ́ ọn, fáìlì náà kò sí, ìyẹn sì tún dá kún ẹ̀rù mi, àfi ìgbà tí mo rántí pé rsyslog, ètò tó ń kọ fáìlì yẹn, kì í bá Debian 12 wá mọ́ fúnra rẹ̀. Inú journal, ìwé àkọsílẹ̀ systemd, ni gbogbo àkọsílẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan pamọ́.

Mo béèrè lọ́wọ́ journal ohun tó mọ̀ nípa SSH nìkan:

```
systemd[1]: Stopping ssh.service - OpenBSD Secure Shell server...
sshd[1893]: Received signal 15; terminating.
systemd[1]: Stopped ssh.service - OpenBSD Secure Shell server.
```

`Received signal 15`. Ìlà yìí ló mú ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé memory ló tán, tí kernel, ọkàn Linux gan-an, fi wá ètò kan pa, signal 9 ni ì bá lò. Ẹni tí signal 9 bá bá kì í ríbi dágbére, sshd kò ní kọ ohunkóhun, kernel fúnra rẹ̀ ló máa kọ ọ́ pé memory tán. Signal 15 yàtọ̀. Ìbéèrè ni: jọ̀wọ́, palẹ̀ mọ́ kí o máa lọ. Sshd gbọ́, ó palẹ̀ mọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ní kí òun lọ. Ìbéèrè tó kù ni ta ló ní kó lọ.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ rí ohun tó wà nínú àkókò wọn. Ìgbà méjì ni SSH ti dúró: ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní 18:17, àti àárọ̀ yìí ní 9:47. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ìṣẹ́jú wọn," ló wí. "17 àti 47. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló wà láàárín wọn." Kò sí olè kankan tó máa ń bọ̀wọ̀ fún aago tó bẹ́ẹ̀. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Nǹkan wa ni.

Puppet la fi ń darí àwọn ẹ̀rọ wa. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, èèyàn á kọ bó ṣe fẹ́ kí ẹ̀rọ rí sínú fáìlì: kí fáìlì yìí wà, kí service yìí máa ṣiṣẹ́, kí tọ̀hún má ṣiṣẹ́. Agent tó wà lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á wá máa yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò, ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a kò bá yí i padà, ohun tó bá sì yàtọ̀ sí ohun tá a kọ, á tún un ṣe. Kò nílò SSH láti fi ṣe é. Inú ẹ̀rọ ló wà, agbára root ló ní. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an la tan agent náà lórí ẹ̀rọ yìí, lẹ́yìn tá a kó gbogbo nǹkan kúrò lórí CentOS 7, Linux ti ìdílé Red Hat, wá sórí Debian 12. CentOS 7 ti parí ayé rẹ̀ ní June 30, 2024, a ti ń sún kíkó náà síwájú tipẹ́. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sí ohun tó gbé ẹnikẹ́ni nínú wa wọ ibẹ̀.

Àbúrò mi ṣí ìjábọ̀ Puppet. Láti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pupa ni gbogbo wọn: `Failed to start sshd.service: Unit sshd.service not found`. Ó ní, "Puppet fẹ́ tan SSH ni, ẹ̀gbọ́n, kò rí i ni." Ọ̀rọ̀ yẹn gbé wa ṣìnà gidi. A bẹ̀rẹ̀ sí í wá SSH tó sọnù. A wo `dpkg -l openssh-server`, ó wà níbẹ̀ digbí. A wo `/usr/sbin/sshd`, ó wà níbẹ̀. A ti fẹ́ yọ package náà, ìyẹn ètò SSH tí wọ́n dì pọ̀, ká sì tún un fi sí, kí n tó ní ká dúró, ká fi ojú ara wa rí ẹni tó ń ṣe é. Mo tẹ `systemctl enable --now ssh`, mo ṣí `journalctl -f`, tó ń fi àkọsílẹ̀ hàn bó ṣe ń wọlé, a jókòó, à ń wo 10:17.

Ìṣẹ́jú méjìlá la fi dúró. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó di 10:17, ìlà mẹ́rin tò tẹ̀ lé ara wọn wá:

```
10:17:11 systemd[1]: Stopping ssh.service - OpenBSD Secure Shell server...
10:17:11 sshd[2240]: Received signal 15; terminating.
10:17:11 systemd[1]: Stopped ssh.service - OpenBSD Secure Shell server.
10:17:11 puppet-agent[612]: (/Stage[main]/Profile::Lockdown/Service[ssh]/ensure) ensure changed 'running' to 'stopped'
```

Ìlà kẹrin yẹn la ti ń wá láti àárọ̀. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kó pamọ́ fún wa ni pé kò ní pupa lára. Lójú Puppet, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Wọ́n ní kó dá nǹkan dúró, ó dá a dúró, ó ṣe é yanjú. Iṣẹ́ tó yọrí sí rere ni. Ohun tó sì yà wá lẹ́nu jù ni pé ìjábọ̀ 10:17 yẹn kò ní pupa rárá. Pupa tó ti wà níbẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti lọ, ilẹ̀kùn sì tún ti tì.

Mo tún kíyè sí ohun kékeré kan tí mi ò kà sí. Lórí ẹ̀rọ tí Puppet ti ń pàṣẹ, wọ́n kọ ọ́ pé 10:17:14 ni wọ́n ṣètò iṣẹ́ náà tán. Lórí ẹ̀rọ tó jẹ́ iṣẹ́ náà, 10:17:11 ló ti jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ti parí kí àṣẹ tó jáde. Mo ní aago kan ló ń falẹ̀, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èmi ni mo kọ òfin tó wà nínú `Profile::Lockdown`. Mo kọ ọ́ láti fi dáàbò bo àwọn ẹ̀rọ ni. Agent á ka orúkọ gbogbo service tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, á yọ àwọn tá a fọwọ́ sí kúrò nínú rẹ̀, ohunkóhun tó bá sì ṣẹ́ kù, á dá a dúró, á sì jẹ́ kó di `disabled`. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé tí package kan bá gbé service tí a kò mọ̀ wọlé, kò ní pé ìdajì wákàtí kó tó dákẹ́. Ó ti ṣiṣẹ́ fún wa dáadáa lórí CentOS. Mo ṣí àkójọ àwọn tá a fọwọ́ sí. `sshd` wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́.

`sshd`. Lórí Debian, `ssh` ni wọ́n ń pè é.

Ní 1995 tí Tatu Ylönen kọ SSH ní Fínlándì, lẹ́yìn tí wọ́n ti jí àwọn password kó lórí nẹ́tíwọ̀kì yunifásítì tó wà, `ssh` ni orúkọ èyí tó ń kanlẹ̀kùn, `sshd` ni orúkọ èyí tó ń ṣílẹ̀kùn. `d` ẹ̀yìn yẹn dúró fún daemon, ìyẹn ètò tó ń dá ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ìdílé Red Hat fi `sshd` pe service náà. Debian pè é ní `ssh`, bó tilẹ̀ jẹ́ pé `sshd` ṣì ni orúkọ ètò tó wà nínú rẹ̀. Debian tún fún un ní orúkọ àlàjẹ́: bí èèyàn bá ti ṣe `enable` fún `ssh`, wọ́n á fi ìtọ́ka kan tó ń jẹ́ `sshd.service` sílẹ̀ tó máa gbé e lọ sọ́dọ̀ `ssh.service`.

Nígbà tí mo rántí ìyẹn, gbogbo rẹ̀ tò. Òfin méjì ló wà nínú Puppet wa. Ọ̀kan, tó ti pẹ́, sọ pé kí `sshd` máa ṣiṣẹ́. Èkejì, tí ẹ̀rọ ń ṣírò fúnra rẹ̀, rí `ssh` láàárín àwọn tí kò sí nínú àkójọ, ó ní kó dúró. Ẹnì kan náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ orúkọ ni Puppet ń wò, orúkọ méjì sì ni lójú tirẹ̀, nítorí náà kò rí ìjà kankan níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó yẹ `sshd` wò, àlàjẹ́ náà dáhùn pé òun ń ṣiṣẹ́, ó kọjá. Ó dé ọ̀dọ̀ `ssh`, ó dá a dúró, ó sọ ọ́ di `disabled`. Bí `ssh` bá sì ti di `disabled`, systemd á yọ ìtọ́ka àlàjẹ́ náà dànù pẹ̀lú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ìdajì wákàtí, òfin kìíní ń wá `sshd`, kò rí i, ó ń pariwo. Ariwo ẹni tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn la rí. Ẹni tó tì í ti ṣe tirẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, torí service tí kò bá ṣiṣẹ́ kì í sí nínú ìṣirò òfin kejì mọ́. Nígbà tí mo fi `enable` dá àlàjẹ́ padà, ariwo dákẹ́, ẹni tó ń tì í sì tún rí iṣẹ́ ṣe.

Mi ò bínú sí Puppet. Ohun tí mo kọ ló ṣe, ó ṣe é láìyẹ̀, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

A ti ń múra láti tún orúkọ kan ṣoṣo yẹn ṣe nígbà tí mo tún ojú mi gbé sórí àkójọ náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ìlà mẹ́ta sí `sshd`, mo rí `crond`. Nísàlẹ̀ rẹ̀, `chronyd`.

Lórí Debian, `cron` ni. `chrony` ni.

Mo sáré tẹ `systemctl status cron`. `inactive (dead)`, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní 18:17. Cron, tó ń ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí a bá dá fún un, ló ń gbé backup wa, ìyẹn ẹ̀dà ìpamọ́, ní aago méjì òru. Mo ṣí àpótí backup, mo to fáìlì rẹ̀ bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Èyí tó kẹ́yìn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lára. Òru mẹ́rin gbáko, àkọsílẹ̀ owó oníbàárà àwọn ènìyàn yẹn kò ní ẹ̀dà tuntun níbikíbi. Kò sí ohun tó bàjẹ́ láàárín òru mẹ́rin yẹn, mo sì dúpẹ́ fún un, àmọ́ ara mi tutù. SSH pariwo torí pé èmi fúnra mi ni mo fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ta ló máa kanlẹ̀kùn cron? Mo tẹ `chronyc tracking` láti wo chrony, tó ń tún aago ẹ̀rọ ṣe, ó ní òun kò lè bá daemon sọ̀rọ̀. Aago tó ń falẹ̀ rèé, tí mo ti gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sẹ́ni tó ń bá ẹ̀rọ yẹn tún aago rẹ̀ ṣe.

Backup ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi ṣe, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Àbúrò mi dúró tì í títí ó fi parí, ó ṣí fáìlì náà sórí ẹ̀rọ mìíràn, ó rí i pé gbogbo àtẹ àkọsílẹ̀ wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ní kí Puppet dúró ná: `puppet agent --disable "à ń tún Lockdown ṣe"`. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú àmì yẹn ṣe pàtàkì. Ẹnikẹ́ni tó bá gbìyànjú láti mú agent náà ṣiṣẹ́ lẹ́yìn mi máa rí i, kò ní rò pé ó bàjẹ́ ni. Mo tẹ `systemd-run --on-active=10m systemctl start ssh`, kí SSH lè jí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ mi bá tún ṣì. Mo máa ń ṣe èyí kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ẹ kíyè sí `--noop` o. Òun ló ń jẹ́ kí Puppet sọ ohun tó fẹ́ ṣe láìṣe é, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí n tó dá agent náà dúró, a ti tún SSH tàn, a sì ti kọ́kọ́ lò ó láti rí gbogbo ohun tí òfin náà fẹ́ pa. `ssh` nìkan ló dárúkọ: `current_value 'running', should be 'stopped' (noop)`. Kò dárúkọ cron, kò dárúkọ chrony, torí pé wọ́n ti kú, òkú kì í sí nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Tí kì í bá ṣe pé mo fi ojú ka àkójọ náà lórúkọ-lórúkọ ni, `--noop` ì bá sọ fún wa pé orúkọ kan ló kù, à bá sì gbà á gbọ́.

Mo yọ ìṣirò náà kúrò pátápátá. Mi ò fẹ́ òfin tó ń pa ohun tí kò mọ̀ mọ́. Ní báyìí, orúkọ àwọn tó yẹ kó dúró la ń kọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Service tuntun tí a kò mọ̀ á kàn mú kí Puppet fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa ni, kò ní fọwọ́ kàn án. Orúkọ SSH, cron àti chrony ń wá láti ìdílé tí ẹ̀rọ bá ti wá: tó bá jẹ́ Debian, kò sí `d`, tó bá jẹ́ RedHat, ó wà níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù nínú àtúnṣe náà. Mo kọ `ssh` gan-an, orúkọ rẹ̀ gidi, sínú òfin pé kó máa ṣiṣẹ́. Puppet kì í gbà kí wọ́n kéde ohun kan ní orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí òfin mìíràn bá tún wá lọ́la, tó fẹ́ kí `Service[ssh]` dúró, Puppet á ní `Duplicate declaration`, àṣẹ tuntun náà kò sì ní dé ẹ̀rọ náà rárá. Ohun tó jẹ́ kí ìjà yẹn pamọ́ tẹ́lẹ̀ ni pé orúkọ méjì ni. Bó bá ti di orúkọ kan, ìjà á hàn kó tó dé ẹ̀rọ.

Ní 12:05, mo tẹ `puppet agent --enable`. A tún jókòó ti `journalctl -f`. Ní 12:17 àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, agent jí. Ó tan `cron`, ó tan `chrony`, ó kọ `Applied catalog`, pé òun ti jẹ́ gbogbo iṣẹ́ náà tán, ó dákẹ́. Kò sí `Stopping` kankan. Àbúrò mi ṣí fèrèsé tuntun lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó tẹ àṣẹ ìwọlé, ó sì wọlé. Mo ní kó jáde kó tún wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ṣe é. A dúró de 12:47 pẹ̀lú, ó tún wọlé.

Ìgbà yẹn ni mo tó pa fèrèsé àárọ̀ dé.